Ìbéèrè: Ọjọ́ 3 lórí kẹ̀kẹ́ ní Goslar àti òkè Harz, láìsí mọ́tò

Àdùkẹ́ (ẹni tó béèrè)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Jámánì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ lo ọjọ́ 3 lórí kẹ̀kẹ́ ní Goslar, ìlú àwọn awakùsà àtijọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Harz. A ò ní mọ́tò. Ìwé ìwakọ̀ tí mo gbà nílé, oṣù 6 péré ló fi wúlò fún mi lẹ́yìn tí mo dé síbí, n kò sì tíì ṣe ìdánwò tiwọn. Àmọ́ ká tilẹ̀ ní mọ́tò, kẹ̀kẹ́ ló wù mí. Ẹni tó wà nínú mọ́tò kì í gbọ́ ìró odò.

Òkè yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Hannover tí à ń gbé tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni. Goslar fúnra rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n Clausthal-Zellerfeld tó wà lókè rẹ̀ ga ju mítà 500 lọ. Kẹ̀kẹ́ wa kì í ṣe oníná, jíà 7 ló ní. Ṣé ká gba àfonífojì odò Oker tí gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò rẹ̀? Ṣé wọ́n á gbà kí kẹ̀kẹ́ bá wa wọ ọkọ̀ ojú irin? Ẹ ṣeun o.

Wándé

Ẹ kú ìmúra, mà. Ti ọkọ̀ ojú irin kò le. Láti Hannover sí Goslar, ó lé díẹ̀ ní wákàtí 1, ẹ ò ní pààrọ̀ ọkọ̀. Bí ẹ bá ní Deutschlandticket (tíkẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù fún ọkọ̀ ojú irin agbègbè àti bọ́ọ̀sì), tiyín nìyẹn o, kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ẹ rà á kí ẹ tó wọlé. Ẹ wá ilẹ̀kùn tí wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ sí. Bí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ tàbí ìyá ọlọ́mọ bá dé, àwọn ló ni àyè yẹn ṣáájú yín, nítorí náà ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tí èrò ń pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Délé

Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má gba títì odò Oker. Ọdún 4 ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́ ní Clausthal (ilé ẹ̀kọ́ ìwakùsà ni yunifásítì ibẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1775), mo sì mọ àwọn ọ̀nà yẹn bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Àfonífojì náà rẹwà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ há, ó kọ́lọkọ̀lọ, bó bá sì di òpin ọ̀sẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ńláńlá ló ń sáré níbẹ̀. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó ń fi ẹsẹ̀ rọra gòkè kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ kankan níbẹ̀.

Ti odò Innerste ló yẹ yín. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Goslar lọ sí Langelsheim, kò jìnnà rárá, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí wa kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀. Rélùwéè kan wà tẹ́lẹ̀ tó gba Lautenthal àti Wildemann lọ sí Clausthal, tó sì parí sí Altenau. Wọ́n pa á tì ní àwọn ọdún 1970, wọ́n hú irin rẹ̀, ní ibi púpọ̀ ojú ọ̀nà rẹ̀ ti di ti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè gogoro, ìdí nìyẹn tí àwọn tó la ọ̀nà náà fi jẹ́ kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Ẹsẹ̀ yín ló máa jẹ èrè iṣẹ́ wọn. Ó lé ní kìlómítà 20, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n da ọ̀dà sí, nítorí náà táyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò dára fún un. Láti Wildemann lọ sókè ni ẹ ó ti mọ̀ pé òkè lẹ̀ ń gùn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ sun Clausthal mọ́jú. Ṣọ́ọ̀ṣì onípákó ńlá kan wà níbẹ̀, ara rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, ẹ ò lè ṣì í mọ̀. Lọ́jọ́ kejì ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílé, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá àwọn ojú omi (kòtò gígùn tí omi ń gbà kọjá) tí àwọn awakùsà gbẹ́. Láyé ìgbà náà, omi ló ń yí àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń fa òkúta jáde láti inú ilẹ̀, òun náà ló sì ń fa omi tó fẹ́ bo àwọn òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀. Kí omi má baà wọ́n wọn, wọ́n fi ọwọ́ dá adágún tó lé ní 100, wọ́n sì gbẹ́ ojú omi yí òkè ká. Èyí tí wọ́n ń pè ní Dammgraben, 1732 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ débi pé ojú lásán kò lè rí i pé ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ju ewé kan sínú rẹ̀, kí ẹ máa rìn lọ. Ewé yẹn á máa bá yín rìn ní ẹ̀gbẹ́ bí ọmọdé tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

Mosún

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kí ló dé tí wọn ò fi ní yá kẹ̀kẹ́ oníná? Orúnkún mi kò gba òkè mọ́, mo fi oníná gun Harz lọ́dún tó kọjá, ayọ̀ ńlá ni.

Ẹ̀gbọ́n Délé

Mosún, òótọ́ lo sọ, bí orúnkún bá ń dunni, kéèyàn yá a. Ṣùgbọ́n ó wúwo. Bí ẹ̀rọ agbéniròkè ibùdókọ̀ bá bàjẹ́, àwọn méjèèjì ni yóò gbé kẹ̀kẹ́ yẹn gun àtẹ̀gùn. Bí ẹsẹ̀ bá le, tiwọn náà tó.

Ìyá Ìbejì

Àdùkẹ́ mi, ti bíréèkì ni kó o gbájú mọ́. Gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù àtigòkè, àtisọ̀kalẹ̀ ló fẹ́ẹ̀ ṣe mí léṣe. Mo di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láìtú u sílẹ̀ láti orí òkè. Mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rọ́bà, lẹ́yìn náà ni irin bẹ̀rẹ̀ sí ha irin, kíríìì, ni mo bá darí kẹ̀kẹ́ sínú koríko. Ìgbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, rọ́bà rẹ̀ ti jẹ tán pátápátá. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo ìlà tó wà lára rọ́bà bíréèkì. Bí ìlà yẹn bá ti parẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lórí òkè, tẹ̀ ẹ́, tú u, tẹ̀ ẹ́, tú u.

Ẹ má sì jẹ́ kí igbó yẹn já yín kulẹ̀. Ẹ ó rí òkè tó dúró gbẹrẹfu, igi gbígbẹ funfun káàkiri. Ọ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 ló mú kí kòkòrò abẹ́ èèpo igi pa wọ́n. Irú igi kan ṣoṣo ló sì kún ibẹ̀: àwọn awakùsà ti gé igbó àtijọ́ fún igi àti èédú, irú èyí tó ń yára dàgbà ni wọ́n gbìn dípò rẹ̀. Àwọn igi kéékèèké ti ń hù lábẹ́ rẹ̀ báyìí, ẹ wolẹ̀ dáadáa.

Wándé

Ẹ má gbàgbé Rammelsberg, ibi ìwakùsà àtijọ́ Goslar fúnra rẹ̀, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 2 lọ sí àárín Goslar. Ó lé ní 1,000 ọdún tí wọ́n fi wa fàdákà, bàbà, òjé àti síńkì níbẹ̀, 1988 ni wọ́n tì í, ní 1992 ni UNESCO kọ ọ́ pẹ̀lú ìlú àtijọ́ náà sínú ìwé ogún àgbáyé. Ẹ mú súwẹ́tà dání, òtútù wà nínú ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Ẹ béèrè fún ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Roeder-Stollen, níbi tí àwọn àgbá kẹ̀kẹ́ onígi tí omi ń yí wà nínú òkùnkùn. Àti pé inú ìlú àtijọ́ yẹn, òkúta ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀: bó bá rọ òjò, ó ń yọ̀ gan-an.

Àdùkẹ́ (ẹni tó béèrè)

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ọkọ mi létí. A ti fi odò Oker sílẹ̀. Ọjọ́ kìíní, Goslar àti Rammelsberg. Ọjọ́ kejì, Langelsheim sí Clausthal, a ó tì í níbi tó bá le. Ọjọ́ kẹta, ẹ̀bá ojú omi láàárọ̀, lẹ́yìn náà a ó gba ọ̀nà Innerste kan náà padà sísàlẹ̀. Ìyá Ìbejì, mo lọ wo rọ́bà bíréèkì tẹ̀yìn lálẹ́ àná: ìlà rẹ̀ kò sí mọ́. Ọ̀la la ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Délé, Wildemann yẹn, ṣé a lè rí oúnjẹ rà níbẹ̀, àbí ká gbé tiwa dání?

Ẹ̀gbọ́n Délé

Ẹ gbé tiyín dání, àti omi. Ìlú kékeré ni.