Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìlú kékeré létí òkun Faransé, fún Àlhájà àti ọmọ

ÌyáAisha
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àlhájà màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá kí wa ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù kẹjọ. Mo fẹ́ gbé wọn àti ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, lọ sí Faransé fún òpin ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe Paris. Etí òkun ni mo fẹ́, ìlú kékeré tí kò láriwo. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa dárúkọ Saint-Valery-sur-Somme, ó ní ibẹ̀ ni odò Somme ti ń wọ òkun. Orúnkún ń yọ màmá lẹ́nu, wọn ò lè rìn jìnnà. Ọmọ ní tiẹ̀, ẹranko ló ń wá kiri. Ọkọ̀ wa la máa gbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ṣé kí n lọ?

Àkànbí_Kent
Ẹ lọ. Ẹ wa mọ́tò yín wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ òkun ní Folkestone, ìṣẹ́jú 35 ni, ẹ ti dé Calais. Ẹ gba ọ̀nà márosẹ̀ A16, ẹ kọrí sí Abbeville. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Wọ́n ń gba owó lójú ọ̀nà náà, ẹ mú káàdì sítòsí. Apá ọ̀tún ni wọ́n ń wà o! Ráńdábáòtù àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún.

Adékẹ́_Lille
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti físà, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Tó bá jẹ́ páásípọ́ọ̀tù ìlú Ọba lẹ̀yin àti ọmọ mú dání, ẹ ò nílò rẹ̀. Ti màmá yàtọ̀. Físà tí wọ́n fi wọ Lọ́ńdọ̀nù kò lè gbé wọn wọ Faransé, ti Schengen, ìyẹn físà àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ni wọ́n ń béèrè, ibi téèyàn ń gbé ló sì ti gbọ́dọ̀ béèrè fún un. Nàìjíríà ni kí màmá ti gbà á kí wọ́n tó wọ bàálù. 90 yúrò lowó rẹ̀ fún àgbàlagbà, ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò wọn sì gbọ́dọ̀ lè san 30,000 yúrò, ó kéré tán, tí àìsàn bá dé. Láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò ni wọ́n ti ń gba ìwé. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

ỌmọKétu_Amiens
Ẹ kú ìmúra o. Ọmọ Kétu ni mí, Amiens ni mo ń gbé. Odò Somme yìí kan náà ló la ìlú wa já kó tó dé ọ̀hún.

Ìlú náà kéré, èèyàn ibẹ̀ kò tó 3,000. Ìlú òkè ni ti àtijọ́, tó ní odi àti ẹnu bodè olókùúta. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀, ó sì ń gun òkè, orúnkún màmá ò ní gbà á. Ìlú ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ dé sí, lẹ́bàá Quai Perrée. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ létí omi, àga wà fún ìsinmi, Àlhájà á rìn débi tó bá wù wọ́n.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé omi ibẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ẹ lè rí i tó kún dé ẹsẹ̀ ògiri. Lẹ́yìn wákàtí bíi mẹ́fà, ó ti fà lọ, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ló kù lọ rẹrẹ, àwọn ọkọ̀ apẹja kan á sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Láwọn ọjọ́ tó bá le, ìyàtọ̀ kíkún àti fífà omi yìí lè tó mítà 10. Ẹni tí kò wádìí àkókò omi kó tó wá, á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ: ó wá wo òkun, kò bá òkun nílé. Ní ọ́fíìsì àwọn àlejò, wọ́n ní ìwé tí wọ́n kọ wákàtí omi sí, pẹ̀lú nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní coefficient, láti 20 dé 120. Tó bá ti kọjá 90, omi ń bọ̀ tagbáratagbára nìyẹn.

Ẹranko tí ọmọ ń wá wà níbẹ̀: síìlì (seal), ẹranko inú òkun. Ẹ wakọ̀ lọ sí Le Hourdel, kò jìnnà, ní àsìkò tí omi bá fà. Wọ́n á ti gòkè sórí yanrìn, wọ́n á nà gbalaja sínú oòrùn. Ẹ ó rò pé ìtì igi ni, títí ọ̀kan á fi gbórí sókè. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní veau marin, ibẹ̀ ló pọ̀ sí jù ní gbogbo Faransé. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn olùyọ̀ǹda ẹgbẹ́ Picardie Nature máa ń gbé awò-ọ̀nàjíjìn kalẹ̀ létí omi, ọmọ lè bá wọn wò ó. Ẹ má sún mọ́ àwọn síìlì náà o, torí wọ́n ń fọ́mọ lọ́yàn níbẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin elééfín àtijọ́ náà wà, láti 1887 ni wọ́n ti la ojú irin rẹ̀. Ó máa ń yí ẹnu odò náà ká dé Le Crotoy, ìlú tó wà lódìkejì, níbi tí iyanrìn wà fún ọmọ láti ṣeré. Ìjókòó lásán ni fún Àlhájà.

Túnjí_Portsmouth
Èmi ì bá lọ sí Honfleur. Òun náà wà lẹ́nu odò, ti Seine. Ilé gíga tẹ́ẹ́rẹ́ yí èbúté àtijọ́ rẹ̀ ká, ṣọ́ọ̀ṣì onípákó kan sì wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi kọ́. Bí wọ́n ṣe ń kan ikùn ọkọ̀ náà ni wọ́n ṣe kan òrùlé rẹ̀. Èbúté yẹn náà ni ọkọ̀ akẹ́rú ti ń gbéra láwọn ọdún 1700 sókè, ó yẹ kí ọmọ wa mọ ìyẹn náà.

Adékẹ́_Lille
Bọ̀dá Túnjí, Honfleur lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n lóṣù kẹjọ, èjìká ń gbá èjìká ni. Ó sì jìnnà sí Calais. Síìlì dà níbẹ̀?

Oúnjẹ wá kù. Ficelle picarde, irú páńkéèkì kan, ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún yín. Ẹ má jẹ́ kí Àlhájà fọwọ́ kàn án, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ká mọ́nú rẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa moules (ìṣáwùrú òkun) náà, wáìnì funfun ni wọ́n sábà máa ń fi sè é. Àgùntàn wọn lókìkí, torí orí koríko tí omi iyọ̀ ń bò ló ti ń jẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá sọ pé hàláàlì ni, kì í ṣe hàláàlì. Ẹja àti edé ni kẹ́ ẹ dì mú. Ẹ ra edé kéékèèké aláwọ̀ eérú yẹn lọ́jà àárọ̀ Sunday ní Place des Pilotes, ẹ jókòó létí omi, ẹ máa bó o jẹ. Ẹ ra salicorne náà, ewé tó ń hù nínú ẹrẹ̀ òkun. Tẹ́ ẹ bá fi àlùbọ́sà àti ata yí i, ẹ má fi iyọ̀ sí i rárá.

Àkànbí_Kent
Ẹ fi ìtàn kún un. Ibẹ̀ ni William ti wọkọ̀ lóṣù kẹsàn-án 1066 tó fi wá gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Atẹ́gùn kọ̀, kò fẹ́, ni wọ́n bá gbé òkú ẹni mímọ́ Valery jáde, wọ́n fi bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó orí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lọ wo ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

ÌyáAisha
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pe màmá lórí físà. Bàbá Aisha ti ní òun náà ń lọ báyìí. Ó kà á níbì kan pé èèyàn lè fẹsẹ̀ la ẹnu odò náà kọjá láti Le Crotoy. Ṣé òótọ́ ni? Òpin ọ̀sẹ̀ wo ni kí n mú?

ỌmọKétu_Amiens
Òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n mú Jeanne d'Arc, ọmọbìnrin tó ṣáájú ogun Faransé, gbà ní ìparí 1430 nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí Rouen. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún bàbá Aisha pé kò sí ìrìn láìsí amọ̀nà, kí wọ́n sanwó. Omi ibẹ̀ kì í kojú èèyàn: àwọn ojú ìṣàn tó wà lẹ́yìn yín ló máa kọ́kọ́ kún, tẹ́ ẹ bá fi máa yíjú padà, ọ̀nà ti dí. Ṣòkòtò péńpé ni kí wọ́n wọ̀, ẹrẹ̀ máa ń dé orúnkún. Kí ẹ̀yin àti Àlhájà gba ọkọ̀ ojú irin.

Ní ti ọjọ́, òṣùpá ló ń darí omi, torí náà ẹ bi Àlhájà iye ọjọ́ tí oṣù Lárúbáwá máa ti lé. Tí òpin ọ̀sẹ̀ yín bá bọ́ sáàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, tàbí tí òṣùpá bá wà ní àrànmọ́jú, ọ̀sán lomi máa ń kún, á sì kún dáadáa. Ìyẹn dáa fún ẹni tó fẹ́ wo òkun tàbí wọ ọkọ̀ ojú omi. Tó bá wà ní nǹkan bí ọjọ́ keje sí ìkẹsàn-án, tàbí ìkejìlélógún sí ìkẹrìnlélógún, ọ̀sán lomi máa ń fà, tàwọn síìlì nìyẹn. Torí ọmọ, èyí ni kẹ́ ẹ mú. Kẹ́ ẹ sì tètè gba yàrá, kì í pẹ́ tán lóṣù kẹjọ.