Gíláàsì ọkọ̀: afọwọ́yí ló sàn ni, àbí oníná?

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀ o. Gíláàsì ọwọ́ awakọ̀ nínú ọkọ̀ mi já wọ inú ilẹ̀kùn lálẹ́ àná nínú òjò. Mo tẹ súwíìsì, ó dún gbàù, ló bá rì. Ẹni tí mo gbé e lọ bá láàárọ̀ yìí ní £290 lòun máa gbà, ọkọ̀ náà sì ti pé ọdún 13. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú tà á, kí n lọ ra Toyota Aygo àtijọ́ kan tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí gíláàsì rẹ̀, pé afọwọ́yí kì í bàjẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó náwó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ tẹ súwíìsì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ gbé etí sí ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń kùn ṣùgbọ́n tí gíláàsì ò gbéra, iná ń dé ibẹ̀, mọ́tọ̀ tó ń fà á ṣì dára. Okùn irin tó ń gbé gíláàsì ló já, tàbí ike tó dì í mú ló fọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní window machine ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ l'Ékòó, lẹ máa pààrọ̀ nìyẹn. Bí kò bá dún rárá, fíúùsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà súwíìsì, lẹ́yìn náà àwọn wáyà tó gba inú rọ́bà kọjá láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀. Ojoojúmọ́ là ń ṣí ilẹ̀kùn tí à ń tì í, wáyà ibẹ̀ a máa ká títí á fi já.

Tèmi bàjẹ́ ní January ọdún tó kọjá. Yìnyín ti lẹ gíláàsì mọ́ rọ́bà, mo ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, mo tẹ súwíìsì. Mọ́tọ̀ ò mọ̀ pé nǹkan dì í mú, ṣe ló ń fà á títí ike fi ṣẹ́. Ká ní afọwọ́yí ni, ọwọ́ mi ì bá ti mọ̀ ọ́n lára pé ó le, ǹ bá sì jáwọ́. Wọ́n ní kí n mú £260 wá. Mo ra window machine lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní £34, mo tú ilẹ̀kùn fúnra mi níwájú ilé, ó gbà mí ní wákàtí mẹ́ta. Ìdè méjì pamọ́ sábẹ́ ike pẹlẹbẹ níbi tí a ti ń di ilẹ̀kùn mú. Ẹni tí kò bá mọ̀ á fa pátákó tó bo inú ilẹ̀kùn ya. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rá kan wà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dúdú lẹ̀. Ẹ rọra ṣí i, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ padà dáadáa, torí òun ló ń dá omi òjò dúró. Èmi ò lẹ̀ ẹ́ re, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi ti rin gbindin. Ike tó fa gbogbo wàhálà yẹn ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ nígbà tó bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Irin inú ilẹ̀kùn mú bí abẹ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ní ti Aygo, gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ kì í wálẹ̀ rárá. Èyí tó ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn, etí gíláàsì nìkan ló ń ṣí díẹ̀. Pẹ̀lú ìbejì lẹ́yìn, ẹ rò ó dáadáa.

Bọ̀dá Rìwáyà, Houston
Mo ṣe rìwáyà n'Ìbàdàn kí n tó dé ibí. Afọwọ́yí náà ń bàjẹ́ o. Eyín inú rẹ̀ máa ń jẹ, ọwọ́ tí a fi ń yí i á wá máa yí lófìfo. Àmọ́ kò ní mọ́tọ̀, kò ní súwíìsì, kò ní wáyà, àtúnṣe rẹ̀ kì í wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, irin kékeré kan tó rí bíi bàtà ẹṣin ló di ọwọ́ yẹn mú. Ẹ ki àkísà bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa fà á síbí sọ́hùn-ún bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi, á fò jáde. Ẹ fi ọwọ́ kejì bò ó kó má sọnù. Bátìrì kú, afọwọ́yí á ṣì ṣí. Nínú ooru Texas yìí, mo ka ìyẹn sí gan-an.

Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá ń ra ẹ̀yà ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣọ́ra: ọwọ́ òsì ni ti awakọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ ọ̀tún ni tiyín. Ẹ bi wọ́n bóyá mọ́tọ̀ wà lára rẹ̀ tàbí kò sí. Ẹ má sì fi òróró sí rọ́bà gíláàsì, á wú. Silicone spray ni kí ẹ lò.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ń kùn! Mo ra window machine ní £41. Mẹkáníìkì kan tó máa ń wá sílé fi í sí i ní £60. Mo dúró tì í, mo rí i pé ó lẹ ọ̀rá yẹn padà. Ìṣòro kan ló kù: tẹ́lẹ̀, tí mo bá fa súwíìsì lẹ́ẹ̀kan, gíláàsì á gòkè tán fúnra rẹ̀. Ní báyìí, tí mo bá ti jáwọ́, á dúró sáàárín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds
Ó yọ bátìrì kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, gíláàsì ti gbàgbé ibi tó ń dé. Ẹ fa súwíìsì sókè títí gíláàsì fi dé òkè pátápátá, ẹ má jáwọ́, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé márùn-ún, kí ẹ tó fi í sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Mo ti ṣe é. Ó gòkè tán.