Àdírẹ́sì mi kò sọnù o: lórí póòsìkóòdù àti ọ̀rọ̀ ara bọ́tìnì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá, ó sì tó àsìkò kí n dá sí i. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà kan ní Peckham, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ń gbé fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, apá kan Gẹ̀ẹ́sì, apá kan Yorùbá. Ọmọ tó ń bá wọn ṣe é fẹ́ kó jẹ́ pé póòsìkóòdù nìkan (àmì lẹ́tà àti nọ́mbà tó ń sọ àdúgbò tí ilé wà) lèèyàn máa kọ, kó tẹ bọ́tìnì kan, kí ìyókù àdírẹ́sì sì jáde fúnra rẹ̀. Ó ní kí n bá òun túmọ̀ gbólóhùn mẹ́rin péré. Mo rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ló ti wọlé lórí orúkọ tí a ó fi pe póòsìkóòdù ní Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ni n'Íbàdàn ní kí a kọ "nọ́mbà ìfìwéránṣẹ́". Àbúrò wa ní Houston ní "àmì ìdánimọ̀ ilé". Ẹnì kẹta ní kí a kọ "póòsìkóòdù" kí a máa bá tiwa lọ, Ẹ̀gbọ́n sì fèsì pé ọ̀lẹ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú nọ́mbà kọ́kọ́. Ilé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún olórí ìjọba Britain, ojúlé 10 ní Downing Street, SW1A 2AA ni póòsìkóòdù rẹ̀. Ẹ kà á: lẹ́tà márùn-ún, nọ́mbà méjì. SW ń tọ́ka sí apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, SW1A dín in kù sí àdúgbò kan, 2 tún gé e kéré, AA tó kẹ́yìn ló wá sọ ọ́ di ọ̀wọ́ ilé díẹ̀ tàbí ilé ńlá kan. Bí a bá kọ "nọ́mbà" sójú fọ́ọ̀mù, nọ́mbà lẹni tó ń gbọ́ràn máa kọ síbẹ̀. Mo dán an wò pẹ̀lú màmá mẹ́ta lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀kan kọ nọ́mbà fóònù rẹ̀. Ìkejì kọ nọ́mbà ilé. Ìkẹta bi mí pé èwo nínú àwọn nọ́mbà òun ni ìjọba tún ń fẹ́.

Mi ò sọ pé Ẹ̀gbọ́n ṣìnà. Nílé, ọ̀rọ̀ wọn bá a mu: oní-nọ́mbà mẹ́fà ni ti NIPOST, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Nàìjíríà, ti Ìbàdàn sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 200. (Bí fọ́ọ̀mù òkèèrè bá tilẹ̀ bèèrè rẹ̀, 234 ti tẹlifóònù ni ọ̀pọ̀ wa ń kọ síbẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí.) Ti Peckham ló yàtọ̀.

Ìdajì kejì ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n, ìfìwéránṣẹ́, ni mo kọ́kọ́ rò pé kò ní wàhálà. Lóòótọ́, lẹ́tà ló bí i. Ní 1959 ni wọ́n kọ́kọ́ dán póòsìkóòdù wò ní Norwich, ní Britain, kí ẹ̀rọ lè máa ṣa lẹ́tà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì di 1974 kó tó kárí gbogbo ilẹ̀ náà. (Ọdún 1959 yẹn náà ni tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn. Ẹ fi í sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.) Ṣùgbọ́n lónìí, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ń bèèrè rẹ̀, adójútòfò mọ́tò ń fi díyelé èèyàn, mápù inú ọkọ̀ ń fi mọ ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́ ń fi wò ó bóyá ọmọ rẹ ń gbé nítòsí. Nígbà tí mo kọ "ìfìwéránṣẹ́", màmá kejì fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ó ní, "Mi ò retí lẹ́tà kankan lọ́dọ̀ wọn."

Ó kan "àmì ìdánimọ̀ ilé". Àbúrò mi, èyí ló fẹ́ tàn mí jù, torí ó dùn létí. Àmọ́ ṣàṣà ni ilé tó dá ní póòsìkóòdù tirẹ̀ ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, àfi ilé ńlá tí lẹ́tà ń wọ́ tọ̀. Bí a bá pín in dọ́gba, ilé bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń wà lábẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè tó ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ Ireland là ń sọ, mo ti gbà fún ọ: Eircode, póòsìkóòdù tiwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2015, àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, fúláàtì òkè kò bá ti ìsàlẹ̀ pín in. Ní Salvador tí àwọn ìbátan wa wà ní Brazil, CEP, póòsìkóòdù tiwọn onínọ́mbà mẹ́jọ, sábà máa ń gbé ọ dé títì, ìwọ á wá kọ nọ́mbà ilé fúnra rẹ. Oríṣi mẹ́ta, ìwọ̀n mẹ́ta. Kódà Royal Mail, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Britain, fún Bàbá Kérésìmesì ní XM4 5HQ nítorí lẹ́tà àwọn ọmọdé, ilé wo la fẹ́ fi ìyẹn dá mọ̀?

Mo ní láti jẹ́wọ́ pé èmi náà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kan, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún odindi ọjọ́ méjì: "àmì agboolé". Ẹ gbọ́ ohun tó mú mi dé ibẹ̀. Lẹ́yìn Ọjà'ba tí mo dàgbà sí, lẹ́tà tó bá wá fún bàbá wa kì í ní nọ́mbà kankan. Orúkọ agboolé ló ń wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń pín lẹ́tà á dé ẹnu ọ̀nà, á dárúkọ, ọmọdé kan á sì fà á lọ́wọ́ dé ojúlé. Ohun tí póòsìkóòdù ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó gbé ọ dé agboolé, nọ́mbà ilé ló ń gbé ọ dé ojúlé. Mo ní mo ti rí i! Mo sáré tọ àwọn màmá mi lọ. Ìkẹta wo fọ́ọ̀mù, ó wo ojú mi, ó ní, "Agboolé wa ní Ìjẹ̀bú ni àbí ti ọkọ mi?"

Bọ́rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Agboolé kì í ṣe ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lásán, ẹ̀jẹ̀ ló so ó. Àwọn tó ń lo kóòdù kan náà pẹ̀lú màmá yẹn, kò mọ orúkọ ju ẹni méjì lọ nínú wọn. Mo ṣì lè lò ó láti fi ṣàlàyé fún ọmọ tó ń kọ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Póòsìkóòdù ni mo fara mọ́, Ẹ̀gbọ́n, kì í sì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ẹ rántí tẹlifíṣọ̀n tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Nígbà tó dé, àwọn baba wa rí ohun tó ń mú ohùn, tó tún ń mú àwòrán, wọ́n pè é ní amóhùnmáwòrán. Rédíò ti ṣáájú rẹ̀: ó ń sọ̀rọ̀, o kò lè dá a lóhùn kó gbọ́, wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ìwà nǹkan náà ló wà nínú orúkọ rẹ̀, torí náà ni orúkọ ṣe dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "rédíò" náà kò kúrò lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Póòsìkóòdù kò ní ìwà kan tó dúró sójú kan. Ní ìlú kan ilé ni, ní ìlú kejì títì ni, ní ìkẹta odindi àdúgbò ni. Orúkọ tí a bá fi ìwà ti Lọ́ńdọ̀nù sọ ọ́ yóò purọ́ ní Dublin ti Ireland. Àwọn tó ń lò ó ní Peckham sì ti ń pè é ní nǹkan láti ìgbà tí wọ́n ti dé: "Ẹ fún mi ní póòsìkóòdù yín kí n fi wá yín bọ̀." Gbogbo màmá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ ọ́ pé nígbà tí mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Nígbà tí à ń jà lórí orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe ara bọ́tìnì ló ń da àwọn èèyàn láàmú.

Ọmọ yẹn ti kọ "Wa adiresi" sí i kí n tó dé, láìfi àmì ohùn sórí rẹ̀. Màmá àkọ́kọ́ kà á bí ẹni ń wa mọ́tò. Mo fi àmì sí i, ó di "Wá àdírẹ́sì". Màmá kejì bú sẹ́rìn-ín: "Ta ló ń pe ta? Ṣé wọ́n ní kí àdírẹ́sì máa bọ̀ ni?" Wá tí à ń wá nǹkan àti wá tí à ń wá sílé, ohùn kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ohun tó yí i ká ló ń là á fún wa. Lára bọ́tìnì, kò sí ohun tó yí i ká.

Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí "Ṣàwárí àdírẹ́sì mi", èyí tí mo ti rí lórí oríṣiríṣi ojú ìwé tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá. Màmá kẹta, tó ti gbé ilé kan náà fún ọgbọ̀n ọdún, yọ awò ojú rẹ̀. "Àdírẹ́sì mi kò sọnù o."

Kò purọ́. Ohun tó sọnù tàbí tó fara pamọ́ là ń ṣàwárí. Ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Royal Mail ní àkọsílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Postcode Address File, àdírẹ́sì inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 30 lọ, wọ́n sì tò wọ́n sábẹ́ póòsìkóòdù tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8. Bí màmá bá tẹ kóòdù rẹ̀, fọ́ọ̀mù á fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà. Wọ́n á ṣí i síbi kóòdù yẹn, wọ́n á da gbogbo ilé abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, màmá á nawọ́ sí tirẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ ilé màmá, kò sì wá a. Ó dà bí akọ̀wé tó ṣí ìwé orúkọ níwájú rẹ tó ní, "Ẹ wo ibí, èwo ni tiyín?"

Owó tún wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba ta Royal Mail ní 2013, àkọsílẹ̀ náà bá a lọ, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń gbé e fún wẹ́ẹ̀bù sì ń gba owó ní iye ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnì. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀rọ ṣì ń wá nǹkan kiri á tún un tẹ̀, á tún un tẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà kò lówó ìyẹn.

Àbúrò mi dábàá "Mú àdírẹ́sì jáde". Ó súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó jọ ohùn ọlọ́pàá lójú títì: mú ìwé ọkọ̀ jáde, mú láísẹ́ǹsì jáde! Èyí tó wá ṣiṣẹ́ ni "Fi àwọn ilé hàn mí". Màmá kẹta tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ilé méjìlélógún jáde, ó rí tirẹ̀, ó ní, "Hẹn-ẹ́n, èmi nìyí."

Ẹ̀gbọ́n bèèrè orúkọ tí a ó fi pe iṣẹ́ tí bọ́tìnì yìí ń ṣe nínú ìwé atúmọ̀. Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ ní orúkọ? Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ràn kó máa sọ gbogbo ìṣe di orúkọ. Àwa a máa sọ ohun tí a fẹ́ ṣe. Bí a bá fi ipá dì í pọ̀, ohun tó ń jáde ni "ìfàwọn-iléhàn", tí mo kọ síbí kí ẹ lè rí bó ṣe burẹ́wà tó.

Àwọn gbólóhùn yòókù kò le. "Ẹ yan ilé yín" ti tó, mo sì fi "yín" sí i nítorí ọjọ́ orí àwọn tó ń kà á. Ọmọ yẹn kọ "rẹ", màmá àkọ́kọ́ sì béèrè ọmọ ta ni. Fún ẹni tí ilé rẹ̀ kò sí nínú wọn, bóyá torí ilé tuntun ni, ẹnìkan ti kọ "Fọwọ́ kọ ọ́". Màmá kejì ní kí n fún òun ní bíírò. Mo yí i sí "Mi ò rí ilé mi níbẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́ fúnra mi". Ó gùn, ẹ jẹ́ kó gùn.

Ó ku ọ̀kan. Ilé máa ń jáde ní Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe wà nínú àkọsílẹ̀, Flat 3, Ground Floor Flat, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ ká fọwọ́ kàn wọ́n, ẹni tó ń pín lẹ́tà kò gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n fún àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, mo fẹ́ kọ "Ojúlé" síbi nọ́mbà ilé. Ó yé àwọn ará Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú tí mo bi. Ẹ̀yin ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ tó wà láàárín wa ńkọ́, ṣé ojúlé náà lẹ̀ ń pè é, àbí orúkọ mìíràn wà? Ọmọ náà fẹ́ gbé e jáde lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ bá mi dáhùn kó tó di Ọjọ́bọ̀.