Oògùn aràn ẹṣin: ṣé oṣù méjì-méjì ni?

Ẹlẹ́ṣin_Túntún: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé dandan ni kí ẹṣin tó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ dá, máa gba oògùn aràn ní oṣù méjì-méjì? Abẹ́rẹ́ wo ló tún yẹ kó gbà?

Bàbá_Ìjánu: Rárá o. Àṣà yẹn gan-an ló ń mú kí oògùn má ran aràn mọ́. Ẹ kó ìgbẹ́ tútù sínú ike, ẹ gbé e sí fíríìjì, kó tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran kó lè ka ẹyin aràn inú rẹ̀. Bí kò bá tó 200 nínú gíráàmù kan, ọ̀pọ̀ dókítà kì í lo oògùn. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ lò ó, kí ẹ sì tún un kà lẹ́yìn ọjọ́ 14. Bí iye náà kò bá wálẹ̀ gidi, ẹ pààrọ̀ irú oògùn.

Pátákò: Ẹ má fojú díwọ̀n ìwúwo, oògùn tí kò tó ló ń kọ́ aràn lágídí. Ẹ wọn àyíká àyà àti gígùn láti èjìká dé ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Àyíká lọ́nà àyíká lọ́nà gígùn, ẹ pín in sí 11,877. Àyíká 180, gígùn 160: bíi kílò 436 nìyẹn.

Ìyá_Ẹṣin: Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ni àkọ́kọ́: méjì, kí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 wà láàárín wọn, lẹ́yìn náà ọdọọdún. Inú ilẹ̀ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Ìṣó kékeré tó gún pátákò tó láti gbé e wọ ara ẹṣin o.