Ìwé lórí ẹ̀dínwó: èwo ni kí oníṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ kà?

ỌmọÒròkí_Stores
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbẹ́ ọjà Ìgbọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti núdù ni mò ń tà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó yìí ti fẹ́ dà mí lórí rú. Dístríbútọ̀ tó ń gbé ọjà wá fún mi ní tí mo bá sanwó láàárín ọjọ́ mẹ́wàá òun á yọ náírà méjì lórí ọgọ́rùn-ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n san gbogbo ẹ̀ pé tó bá di ọgbọ̀n ọjọ́. Àbúrò mi tó wà ní báǹkì ní kí n má dá a lóhùn, kí n kó owó mi lọ sí trẹ́ṣúrì bíìlì, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ aráàlú, pé ẹ̀dínwó nìyẹn náà. Àwọn kọ́sítọ́mà mi rèé, kò sẹ́ni tó máa dé kó má ní "ẹ yọ díẹ̀ fún mi níbẹ̀". Mo wá lọ wá ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìwé ya bí òjò, òmíràn ń sọ ti gbàǹjo, òmíràn kún fún x àti y, òmíràn tún ń sọ̀rọ̀ ayé tó ń gbóná, mo ní kí lèyí kàn mí báyìí! Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó máa yé ẹni tó ka ìṣirò dé SS3 péré ni mò ń wá, ẹ má sì júwe ìwé olówó gọbọi fún mi.

Táíwò_Akáńtì
Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n. Kẹ́ ẹ tó ra ìwé kankan, ẹ jẹ́ ká ṣírò ti dístríbútọ̀ yẹn ná torí owó ti ń jò lọ́wọ́ yín. Ká ní ọjà ₦100,000 lẹ gbà. Ẹ lè san 98,000 lọ́jọ́ kẹwàá, ẹ sì lè dúró dọgbọ̀n ọjọ́ kẹ́ ẹ san 100,000. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró yẹn, ẹ ń san 2,000 kẹ́ ẹ lè di 98,000 mú fún ogún ọjọ́ péré, ogún ọjọ́ ọ̀hún sì wọnú ọdún lọ́nà méjìdínlógún ó lé díẹ̀, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di èlé ọdún kan ó lé ní 37%!! Báǹkì wo ló ń gba iyẹn lọ́wọ́ yín tẹ́ ò ní pariwo?

Àbúrò yín náà ò parọ́ o, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ká ní bíìlì ọjọ́ 364 tí wọ́n kọ 18% sí lára, ẹ máa san bíi 82,000 lónìí, ìjọba á fún yín ní 100,000 tó bá pé. Ṣùgbọ́n 82,000 lẹ kó sílẹ̀, èrè 18,000 lórí ẹ̀ ń lọ sí 22% nìyẹn. Ó dáa, àmọ́ kò tó ti dístríbútọ̀.

Ìwé tó kọ́ mi nírú ìṣirò yìí ni Principles of Corporate Finance ti Brealey àti Myers. Ó ti wà látọdún 1980, tòkunbọ̀ ẹ̀ tó ti gbó ò burú rárá, ìṣirò inú ẹ̀ kì í yí padà. Àwọn orí ìbẹ̀rẹ̀ tó sọ iye tí owó ọ̀la jẹ́ lónìí nìkan ló kàn yín, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fáwọn tó fẹ́ ṣe ICAN, ìdánwò àwọn akáńtì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kékeré, The Little Book of Valuation ti Damodaran, 2011. Ọ̀gá yẹn ń kọ́ni ní yunifásítì New York, ọ̀fẹ́ ló gbé ẹ̀kọ́ ẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ kó lọ ka ìwé onímọ̀ ọrọ̀ ajé Irving Fisher, The Theory of Interest, 1930. Bàbá yẹn fúnra ẹ̀ pàdánù owó rẹpẹtẹ nígbà tí ọjà ṣíà wó l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1929, àmọ́ ìwé ẹ̀ dúró digbí.

ÌyáAláṣọ_ỌjàỌba
Ẹ ti sọ ti báǹkì tán, ta ló máa wá sọ ti kọ́sítọ́mà? Ọmọ mi ỌmọÒròkí gbọ́ mi. Ọjà tó o rà ní 800 tí ò ń tà ní 1,000, tó o bá yọ 100 níbẹ̀, kọ́sítọ́mà gbà pé o ò ṣe nǹkan kan fóun, ó tiẹ̀ tún máa ní kó o fi èènì sí i, bẹ́ẹ̀ ìdajì èrè ẹ ló gbé lọ yẹn. O ní láti ta méjì kó o tó rí èrè tí ò bá ti rí lórí ẹyọ kan. Èmi kì í yára yọwó. Mo máa ń gbé e ga díẹ̀ kí n lè rí ibi tí mo máa sọ̀ ọ́ sí, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, kọ́sítọ́mà náà mọ̀, síbẹ̀ tá ò bá nájà inú ẹ̀ ò ní dùn.

Àwọn kan ní ká lẹ iye owó mọ́ ọjà kí gbogbo ẹ̀ parí. JC Penney, ilé ìtajà ńlá kan l'Amẹ́ríkà, gbìyànjú irú ẹ̀ lọ́dún 2012, ọ̀gá tuntun tó ti Apple wá, Ron Johnson, ní kí wọ́n jáwọ́ nínú gbàǹjo àti kúpọ́ọ̀nù, kí wọ́n máa ta ọjà ní iye tó mọ níwọ̀n lójoojúmọ́. Háà, kọ́sítọ́mà sá! Ọjà tí wọ́n tà lọ́dún yẹn fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí tèṣí, kó tó di pé oṣù kẹrin 2013 parí wọ́n ti ní kó máa lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn òyìnbó tí wọ́n ní wọn kì í nájà nìyẹn o.

Ìwé tí mo fẹ́ràn ni Confessions of the Pricing Man, 2015, ará Jámánì tó ń jẹ́ Hermann Simon ló kọ ọ́. Ó ń fọ́nnu díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń sọ ìtàn, kò ní sú ẹ. Ti Nagle, The Strategy and Tactics of Pricing, jinlẹ̀ jù ú lọ, ó sì wọ́n, ìwọ má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu.

ỌmọÒròkí_Stores
Mọ̀mí ẹ ṣé gan-an. Ti aṣọ yẹn yé mi, ṣùgbọ́n èrè orí núdù tín-ín-rín báyìí ni, níbo ni mo ti fẹ́ rí èènì fún wọn?

ÌyáAláṣọ_ỌjàỌba
Páálí ni kó o máa yọwó lé, má yọ kọ́bọ̀ lórí ẹyọ. Ẹni tó bá ra ẹyọ, fi náílọ́ọ̀nù tó dáa kó o fún un kó o sì kí i dáadáa.

Ẹ̀kọ́nọ́_ÒkèBàálẹ̀
Ẹ má lé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ayé gbígbóná yẹn dànù o, ìṣirò kan náà ni. Ẹ wo odò Ọ̀ṣun wa bí àwọn awakùsà ṣe sọ omi ẹ̀ dà. Ká ní tá a bá tún un ṣe lónìí, àǹfààní tó máa mú wá lẹ́yìn 50 ọdún tó 100 mílíọ̀nù, èló ló yẹ ká ná lé e báyìí? Tẹ́ ẹ bá fi 1.4% lọ́dún dín owó ọ̀la kù sí ti òní, bíi ti onímọ̀ ọrọ̀ ajé Nicholas Stern nínú Stern Review 2006, ìwé tó kọ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ayé gbígbóná, ẹ máa ní bíi 50 mílíọ̀nù. Tẹ́ ẹ bá lo bíi 5.5% tí William Nordhaus, onímọ̀ ọrọ̀ ajé míì, fara mọ́ nínú A Question of Balance, 2008, kò tó mílíọ̀nù méje! Ìjà wọn ò tíì parí títí dòní. Èmi ti Stern ni mo wà, torí lọ́dún 1928 ni Frank Ramsey, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ pé kò tọ́ ká fojú kéré ìgbádùn àwọn tó ń bọ̀ kìkì nítorí pé wọn ò tíì dé.

Fún àwọn tó ń jẹ àwìn yín, ẹ ka Breakdown of Will ti George Ainslie, 2001. Ó ṣàlàyé ìdí téèyàn á fi búra lónìí pé òun á san lópin oṣù, tí oṣù á parí tó sì máa ra nǹkan míì, tinútinú ló sì fi búra.

Táíwò_Akáńtì
@Ẹ̀kọ́nọ́ ìwọ náà wá jókòó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan kó o wá fi Ainslie gba gbèsè fún wa 😂

ỌmọÒròkí_Stores
Ẹ̀rín pa mí o. Brealey tòkunbọ̀ ni màá kọ́kọ́ wá. @Táíwò tí owó ò bá sí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kẹwàá ńkọ́, ṣé kí n yá a nínú àjẹṣẹ́kù wa?

Táíwò_Akáńtì
Ó dá lórí iye tí wọ́n ń gbà. Tó bá jẹ́ 1% lóṣù, èlé 98,000 jẹ́ 980, ẹ ṣì jèrè 1,020. Tó bá ti lé ní 2% lóṣù ẹ má yá a. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè owó fọ́ọ̀mù ná, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi èlé pa mọ́ sí, fọ́ọ̀mù 1,500 ti gbé èrè yẹn lọ ráúráú.