Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọ́n ní ìjọba ń darí íntánẹ́ẹ̀tì gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá

Ẹ kú ilé o. Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà: fọ́ọ̀mù JAMB, NIN, ìwé báńkì, èmi ni mò ń bá àwọn èèyàn tẹ̀ ẹ́. Oníbàárà mi kan yarí pé òun ò fi NIN òun sórí kọ̀ǹpútà mi mọ́, pé torí ààbò ìlú, ìjọba ti ń ka gbogbo ohun tó bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọkùnrin kan ní kí n gbé VPN ọ̀fẹ́, ìyẹn áàpù tó ń bo ohun tí èèyàn ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sí i. Àṣírí ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ mi, ọkàn mi ò balẹ̀.

Níyì Ẹlẹ́rọ: Àǹtí, ẹ̀rù yín kì í ṣe lásán. Ní 2006, Mark Klein tó ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifóònù Amẹ́ríkà, AT&T tú u síta pé iyàrá kan wà ní San Francisco, 641A. Wọ́n pín ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé dátà nínú wáyà sí méjì: ọ̀kan ń bá tirẹ̀ lọ, ẹ̀dà rẹ̀ ń wọ iyàrá NSA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ò lè fura, torí ohunkóhun ò falẹ̀. Dátà sì lè yà bàrá. Ní oṣù kọkànlá 2018, MainOne, iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Èkó, ṣe àṣìṣe níbi ètò ẹ̀rọ wọn, dátà tó ń lọ sọ́dọ̀ Google bá gba ọ̀dọ̀ China Telecom, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba China, ó lé ní wákàtí kan.

Ìyá Ìbejì: Tó bá wá gba ọ̀dọ̀ wọn, ṣé wọ́n lè kà á?

Níyì Ẹlẹ́rọ: Tí àdírẹ́sì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, ibi tó ń lọ àti àsìkò ni wọ́n máa rí, wọn ò ní rí NIN inú rẹ̀. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan VPN ọ̀fẹ́ yẹn! Ẹni tó ni ín ni gbogbo dátà yín á máa gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, ẹ ò sì mọ̀ ọ́n rí.

Lọ́yà Ìlódè: Lábẹ́ òfin 2019 ti NCC, àjọ tó ń bójú tó iléeṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, adájọ́ ló ń fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè tẹ́tí sí ìbánisọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, àyàfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Àmọ́ òfin ààbò dátà ti 2023 kan ẹ̀yin náà o, Àǹtí. Mo ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kan rí, páṣípọ́ọ̀tù àti ìwé-ẹ̀rí àwọn ẹlòmíràn ló tò lọ gbọọrọ lójú kọ̀ǹpútà. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju ti ìjọba lọ. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ pa á rẹ́ lójú oníbàárà.

Àǹtí Lágere: Ẹ ṣé gan-an, Lọ́yà. Àwọn tó ní kí n bá àwọn tọ́jú fọ́ọ̀mù ọmọ wọn pamọ́ ńkọ́?

Lọ́yà Ìlódè: Kí wọ́n mú fláàṣì tiwọn wá.