Níbo ni ẹni tí ó ń dá rìnrìn-àjò ti lè jẹun ní Seoul, Jeonju àti Busan?

Arìnjìnnà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ lọ sí Kòríà Gúúsù ní ìgbà ìwọ́wé. Seoul ni n óò kọ́kọ́ dé, n óò gba Jeonju kọjá, Busan ni n óò sì parí ìrìn náà sí. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ni n kò tíì rí yanjú. Èmi nìkan ni mo ń lọ, n kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, mo sì ti kà á níbi púpọ̀ pé àwọn ilé oúnjẹ kan níbẹ̀ kì í fẹ́ gba ẹni tí ó bá dá wọlé. Kì í ṣe ilé oúnjẹ olówó ńlá ni mo ń wá. Ibi tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ti ń jẹun lójoojúmọ́ ni ó wù mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ará Seoul:

Òótọ́ ni ohun tí ẹ kà, ṣùgbọ́n kò kan gbogbo ilé oúnjẹ. Àwọn ilé ẹran sísun, níbi tí iná ti ń jó láàárín tábìlì, ni wọ́n sábà máa ń ní kí oníbàárà ra oúnjẹ ẹni méjì ó kéré tán, nítorí pé iná àti àwọn àwo ewébẹ̀ kéékèèké tí wọ́n ń gbé síwájú ẹnì kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni mẹ́ta. Ilé oúnjẹ tí ó ń ta ọbẹ̀ olómi àti ìrẹsì, tàbí tí ó ń bu núdù sí abọ́ kọ̀ọ̀kan, kì í béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í tà ju oúnjẹ kan tàbí méjì lọ, mo sì máa ń gbẹ́kẹ̀ lé irú wọn ju ibi tí ìwé oúnjẹ rẹ̀ gùn lọ.

Ọjà Gwangjang ní Jongno, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1905, ni n óò kọ́kọ́ rán yín lọ. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí ń jẹ́ Jongno 5-ga ni ẹ óò ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń tajà dúró sáàárín àtẹ wọn, àwọn oníbàárà sì jókòó yí wọn ká lórí bẹ́ǹṣì, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò bi yín pé ẹni mélòó ni yín. Bindaetteok ni ó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀: ẹ̀wà kékeré aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n sì ń dín nínú òróró títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi gbẹ. Àwọn kan máa ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ọ̀rá rẹ̀ sí i, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó.

Ẹ tún lọ sí Itaewon, sí àdúgbò mọ́ṣáláṣí ńlá Seoul tí wọ́n ṣí ní ọdún 1976. Àwọn ilé oúnjẹ halal pọ̀ níbẹ̀. Àjọ tí ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ ní Kòríà ti pín irú àwọn ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sí ìsọ̀rí: àwọn tí ó ní ìwé ẹ̀rí wà lọ́tọ̀, àwọn tí onílé fúnra rẹ̀ kéde pé halal ni òun ń sè wà lọ́tọ̀, ìsọ̀rí kan sì wà fún ibi tí wọn kì í ti fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí nǹkan kan. Èyí ìkẹyìn yìí ni ó bá tiyín mu jù.

Òǹwòran:

Ẹ̀gbọ́n Ará Seoul, mo gbà pẹ̀lú yín, àfi lórí Gwangjang. Èrò pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn àlejò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju onílé lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí ará ìlú ṣe ń jẹun, ọjà Mangwon ní agbègbè Mapo ni kí ó lọ. Bí ẹ bá sì lọ sí Gwangjang náà, àtẹ tí wọ́n kọ owó oúnjẹ sí gbangba ni kí ẹ jókòó tì. Ní ti Myeong-dong, àdúgbò ìtajà kan ní Seoul, ẹ lọ wòran níbẹ̀ lálẹ́, kí ẹ lọ jẹun níbòmíràn, nítorí pé ìpanu ojú pópó rẹ̀ wọ́n.

Ní Jeonju, bibimbap, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n ń pò mọ́ ewébẹ̀, ni gbogbo ayé mọ̀, ìlú náà sì wà lára àwọn ìlú tí UNESCO kà sí ìlú oúnjẹ láti ọdún 2012. Ṣùgbọ́n kongnamul gukbap, ìyẹn ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà tí ó ti hù pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹyin, ní ọjà Nambu ní òwúrọ̀, ni mo fẹ́ràn jù. Oúnjẹ ẹnì kan ni. Àwọn ilé tí wọ́n ti ń ta makgeolli, ọtí ìrẹsì wọn, ńkọ́? Bí wọ́n bá ti gbé kẹ́tù ọtí kan kalẹ̀, àwo oúnjẹ á kún orí tábìlì; ẹ má dá wọ ibẹ̀.

Ẹlẹ́ja:

Busan ni yóò fẹ́ yọ yín lẹ́nu, nítorí pé dwaeji gukbap, ọbẹ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ni oúnjẹ tí ìlú náà fi ń yangàn. Milmyeon pàápàá, núdù tútù tí àwọn tí ogun ọdún 1950 lé wá láti àríwá fi ìyẹ̀fun àlìkámà ṣe nígbà tí wọn kò rí irúgbìn tí wọ́n ń lò nílé, sábà máa ń ní ẹran náà lórí, tàbí eegun rẹ̀ nínú omi ọbẹ̀.

Ẹja ni kí ẹ dojú kọ. Ní ọjà Jagalchi, èèyàn lè ra ẹja láàyè ní ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì bá a ṣe é lókè, kí ó san owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwo ẹja tútù tí wọn kò sè pọ̀ jù fún ẹnì kan, nítorí náà ẹ wá àwọn ilé ẹja sísun tí ó wà ní àyíká ọjà náà, níbi tí wọ́n ti ń gbé ẹja, ìrẹsì àti ọbẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ní Kòríà máa ń tilẹ̀kùn láti aago mẹ́ta sí márùn-ún ọ̀sán. Àjọ̀dún Chuseok sì máa ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, nígbà tí púpọ̀ nínú wọn kì í ṣí, nítorí náà ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Naver Map ni kí ẹ fi wá ọ̀nà, nítorí pé Google Maps kì í ṣiṣẹ́ dáadáa fún ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀.

Arìnjìnnà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ẹ dákun, ìbéèrè kan péré ló kù: ata ńkọ́? Inú mi kì í gba èyí tí ó bá pọ̀ jù.

Ará Seoul:

Ẹ wá ilé oúnjẹ tí ń ta seolleongtang. Eegun màlúù ni wọ́n ń sè fún wákàtí púpọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi funfun. Kò ní ata nínú rárá, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò sì fi iyọ̀ sí i lórí tábìlì. Ó lè tó nǹkan bí 10,000 won, owó Kòríà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tí ẹ bá rí lára ògiri ni ẹ óò san, nítorí pé wọn kì í retí ẹ̀bùn lọ́wọ́ oníbàárà.